Èmi ni mo ni kọ̀ǹpútà mi, kí ló dé tó ń ní kí n lọ gbàṣẹ?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé wa, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀. Èmi ni mo rà á, èmi ni mo kọ́kọ́ tàn án, àkáǹtì mi nìkan ló wà níbẹ̀, òun náà sì ni ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì ń lò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àyè fẹ́ tán lórí dísíìkì. Mo ní kí n pa fódà ńlá kan tí mo rí nínú Windows rẹ́, ó ní àfi kí n gbàṣẹ lọ́wọ́ TrustedInstaller. Mo lọ wo Settings, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé Administrator ni mí. Ta wá ni TrustedInstaller? Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan tó gbọ́ tinú-tẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Kàkà kó dá mi lóhùn, ó ní kí n yọ ara mi kúrò nípò ádímìnì pátápátá, ìyẹn Administrator, àkáǹtì tó lágbára jù lórí ẹ̀rọ. Ẹlòmíì ní kí n má dá a lóhùn, pé wàhálà lásán ni, pé ẹni tó ni nǹkan ló ń pàṣẹ lé e lórí. Èwo ni kí n ṣe?

* * *

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti TrustedInstaller, torí òun ló rọrùn jù. Kì í ṣe ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́ṣà tó wọlé yín. Ara Windows fúnra rẹ̀ ni, òṣìṣẹ́ abẹ́nú tó ń gbé àtúnṣe tuntun sórí ẹ̀rọ. Láti ìgbà Windows Vista, tó dé ọwọ́ aráàlú ní 2007, orúkọ òṣìṣẹ́ yìí ni wọ́n kọ sí ìdí ọ̀pọ̀ fáìlì Windows gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni wọ́n. Ádímìnì lè kà wọ́n, ó lè lò wọ́n, àmọ́ kò lè ṣàdédé pa wọ́n rẹ́. Ẹni tó ń wá àyè lórí dísíìkì kì í sáábà mọ fáìlì tí kọ̀ǹpútà fi ń dìde láàárọ̀, ìdí nìyẹn.

Bó bá jẹ́ WinSxS lẹ rí, fódà tí Windows ń kó àwọn fáìlì tirẹ̀ pamọ́ sí, ẹ má jẹ́ kí títóbi rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Fáìlì kan náà lè ní orúkọ níbi méjì, nínú WinSxS àti nínú System32 tó jẹ́ fódà Windows mìíràn, kó sì jẹ́ pé ẹyọ kan ló wà lórí dísíìkì. File Explorer á kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iye tó kọ síbẹ̀ pọ̀ ju àyè tó ń gbà lóòótọ́ lọ. Bó bá sì jẹ́ Windows.old ni, Windows àtijọ́ tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà àtúnṣe ńlá ni, Windows fúnra rẹ̀ a máa pa á rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 10. Bí ẹ ò bá lè dúró, ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ System, ẹ tẹ Storage, kí ẹ wá tẹ Temporary files. Ohun tó ṣeé kó dànù á tò síbẹ̀ fún yín.

Fídíò pọ̀ níta tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gba fódà mọ́ TrustedInstaller lọ́wọ́. Ẹ má tẹ̀ lé e. Mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà ẹnì kan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rí àyè tó ń wá lóòótọ́, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni àtúnṣe Windows kò ti wọlé mọ́: á ṣe é dé ìdajì, á ní òun ò lè parí rẹ̀, á tún padà sẹ́yìn. Nígbẹ̀yìn, Windows tuntun la gbé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

* * *

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gan-an, pé ẹni tó ni nǹkan ló ń pàṣẹ lé e lórí.

Ẹ̀yin lẹ ni ín lóòótọ́. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tó rà á. Kò mọ bàbá, kò mọ ìyá, kò mọ ọmọ. Àkáǹtì ló mọ̀. Ohun tó rí ni pé ẹnì kan ti wọlé pẹ̀lú àkáǹtì báyìí, àkáǹtì náà sì lágbára báyìí. Ó tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa kì í fiyè sí nìyí: áàpù yòówù tí ẹ bá ṣí, agbára àkáǹtì yín ló ń lò. Bí ẹ bá ṣí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, áàpù tó ṣí ìwé náà lè ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀yin náà lè ṣe. Bí ọmọ bá dáúnlóòdù géèmù lórí àkáǹtì yín, lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni géèmù náà. Ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní mọ̀ọ́mọ̀ pa ààbò ẹ̀rọ yín, ẹ ò sì ní ba fáìlì yín jẹ́. Géèmù náà ò bá yín mulẹ̀ ohunkóhun. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn pé ẹ tó ádímìnì nílé ara yín. Ohun tí mo ń bèèrè ni bóyá gbogbo nǹkan tí ẹ máa ṣí lónìí náà tó o.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ wọn lórí ààbò inú kọ̀ǹpútà pé agbára tó tó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ nìkan ló yẹ kí ètò kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ń lò ó ní. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà ńlá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń pín lò ló wà lọ́kàn wọn. Kọ̀ǹpútà tí ènìyàn mẹ́rin ń pín lò nínú ilé kan kò jìnnà sí i.

Àkáǹtì tí Windows ń pè ní Standard kò lè gbé áàpù sórí ẹ̀rọ fún gbogbo ilé. Kò lè kọ nǹkan sínú fódà Windows tàbí Program Files, fódà tí àwọn áàpù ń gbé, kò lè dá àkáǹtì mìíràn sílẹ̀, kò lè pa firewall tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé láti íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì lè ṣí fáìlì ẹlòmíì. Kò lè yí aago ẹ̀rọ padà, àmọ́ ó lè yí time zone padà bí ẹ bá rìnrìn àjò. Ìyókù iṣẹ́ òòjọ́, ìwé kíkọ, íntánẹ́ẹ̀tì, Wi-Fi, ìwé títẹ̀, fídíò wíwò, áàpù láti inú Microsoft Store, gbogbo rẹ̀ ló lè ṣe. Ẹ ronú wo ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ṣe ohun tí Standard ò lè ṣe?

* * *

Àwọn tó ń ta ko èyí ní ìdáhùn tó lágbára. Wọ́n ní, "Windows sáà máa ń bi mí kó tó ṣe nǹkan ńlá. Kí ni mo tún ń yọ ara mi sí?"

Ìbéèrè tó dáa ni, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Nígbà Windows 95 àti 98, ẹni tí kò mọ páásíwọ́ọ̀dù kàn máa tẹ Cancel, á sì wọlé. XP dé ní 2001. Àkáǹtì tí ẹ bá dá sílẹ̀ nílé nígbà tí ẹ ń tò ó, ádímìnì ni gbogbo wọn, agbára kíkún ni wọ́n sì ń lò láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ títí ẹ ó fi pa á. Àwọn tó ń kọ áàpù wá sọ ọ́ dàṣà pé ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n á kọ nǹkan sí. Vista ló gbé ìbéèrè yẹn dé, òun ni wọ́n ń pè ní UAC, ìyẹn User Account Control. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé nígbà tí ádímìnì bá wọlé, Windows á fún un ní ìwé àṣẹ méjì, kékeré kan, ńlá kan. Kékeré lẹ fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ńlá wà ní ìpamọ́ títí áàpù kan á fi bèèrè fún un.

Ẹ wo fèrèsé náà dáadáa nígbà tó bá tún jáde. Gbogbo ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn, torí Windows ti gbé fèrèsé náà sí ojú ọ̀tọ̀ tí áàpù mìíràn ò lè nawọ́ dé. Ẹ ó rí orúkọ áàpù tó ń bèèrè. Lábẹ́ rẹ̀, Verified publisher àti orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tàbí kó jẹ́ Publisher: Unknown. Ìlà kẹta ni File origin, tó ń sọ bóyá orí dísíìkì yín ló ti wá tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọn ò bá mọ ẹni tó ṣe é, òkè fèrèsé náà á di yẹ́lò dípò búlúù. Ìsàlẹ̀ ni Yes àti No wà. Nǹkan mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ láti kà, ọ̀pọ̀ wa sì ti tẹ Yes kí ojú wa tó dé èkejì.

Vista ń bèèrè jù. Ó sú àwọn ènìyàn, wọ́n pa á. Ní 2009, Windows 7 dín ìbéèrè kù: ó yọ̀ǹda fún àwọn áàpù kan tó jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀ láti mú ìwé àṣẹ ńlá láìbèèrè, bí àkáǹtì náà bá ti jẹ́ ti ádímìnì. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ fáírọ́ọ̀sì rí ihò. Wọ́n á gun ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn áàpù wọ̀nyẹn, ẹ ò ní rí fèrèsé kankan. Microsoft fúnra wọn ti sọ ọ́ pé lórí àkáǹtì ádímìnì, àwọn ò ka UAC sí odi ààbò.

Lórí àkáǹtì Standard, kò sí ìwé àṣẹ ńlá kankan ní ìpamọ́ tí wọ́n lè jí. Fèrèsé kan náà á jáde, àmọ́ páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì mìíràn ló máa bèèrè. Ó yàtọ̀ kí wọ́n bi yín bóyá kí ilẹ̀kùn ṣí, ó yàtọ̀ kí ẹ dìde lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Láàárín ìdìde yẹn lẹ máa fi ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ.

* * *

Èmi náà lo àkáǹtì ádímìnì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ẹni kejì sọ fún yín náà ni mo máa ń sọ. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà kò tóbi rárá. Fídíò kan kọ̀, kò ṣí. Mo wá áàpù tó máa yí i padà sí irú èyí tí ẹ̀rọ mi lè ṣí, mo sì tẹ èyí tó wà lókè pátápátá. Ìpolówó ni, n ò wò ó. Mo dáúnlóòdù, mo ṣí i, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, mo tẹ Yes. Fídíò náà ṣí. Inú mi dùn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ojú ìwé tí browser mi fi ń bẹ̀rẹ̀ ti yí padà. Áàpù mẹ́ta tí n ò pè ti jókòó sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti di ara àwọn tó ń dìde pẹ̀lú Windows. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò, tí mo pa ẹ̀rọ, tí mo tún tàn án, á ti padà. Òru méjì ni mo fi ń bá a fà á kí n tó gbà pé n ò lè fọkàn tán ẹ̀rọ náà mọ́, mo sì nu gbogbo rẹ̀ nù. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n bi mí léèrè. Orúkọ tó wà nínú fèrèsé yẹn ò jọ ti áàpù fídíò rárá. Bó bá jẹ́ pé páásíwọ́ọ̀dù ni mo ní láti kọ síbẹ̀, mo gbà lọ́kàn mi pé ǹ bá ti rí i.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti pín àkáǹtì nílé, àbúrò mi ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú géèmù. Windows bèèrè páásíwọ́ọ̀dù, àbúrò mi kò ní in, ó tẹ No. Nǹkan náà ṣì rá pálá wọnú fódà àkáǹtì tirẹ̀, ìpolówó ń yọ lójú ẹ̀rọ rẹ̀ ṣáá. Àkáǹtì tèmi ò ní nǹkan kan. Mo wọlé gẹ́gẹ́ bí ádímìnì, mo yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò, mo kó ìwé iléèwé rẹ̀ pamọ́, mo pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, mo dá òmíràn sílẹ̀ fún un. Kò tó wákàtí kan tí mo parí. Nígbà àkọ́kọ́, òru méjì àti gbogbo ohun tó wà lórí dísíìkì ló bá a lọ.

* * *

Ìbéèrè

Ó ti ń wọ̀ mí létí. Àmọ́ bí mo bá yọ ara mi tán, tí mo wá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù ádímìnì náà ńkọ́? Ṣé n ò ti ti ara mi mọ́ta nílé ara mi?

* * *

Ó lè ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ kánjú, ohun tó yẹ kó ṣáájú ni kó ṣáájú.

Ẹ má fọwọ́ kan àkáǹtì tiyín rárá báyìí. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Accounts, ẹ tẹ Other users, lẹ́yìn náà Add account. Á bèèrè ímeèlì. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ àkáǹtì orí ẹ̀rọ yẹn nìkan, ẹ tẹ ibi tó ti sọ pé ẹ ò ní ìsọfúnni ẹni náà, kí ẹ sì tẹ Add a user without a Microsoft account. Ẹ fún un lórúkọ tó ṣe kedere, "Kọ́kọ́rọ́ Ilé" bí ẹ bá fẹ́, àti páásíwọ́ọ̀dù gígùn. Á ní kí ẹ yan ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ sì dáhùn wọn, nítorí ọjọ́ ìgbàgbé. Ẹ má fi ohun tí gbogbo ẹbí mọ̀ dáhùn. Standard ni àkáǹtì tuntun máa ń jẹ́, nítorí náà ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ tẹ Change account type, ẹ sọ ọ́ di Administrator.

Ẹ wá jáde kúrò lórí àkáǹtì yín, kí ẹ sì wọlé pẹ̀lú tuntun náà. Ẹ ṣe nǹkan kan tó jẹ́ ti ádímìnì, kí ẹ rí i pé ó ṣe é. Ibí yìí ni àwọn tó ti ara wọn mọ́ta ti ṣì í ṣe: wọn ò dán kọ́kọ́rọ́ wò kí wọ́n tó pa ilẹ̀kùn dé. Bó bá ti ṣí, orí àkáǹtì tuntun yẹn ni kí ẹ ti yí tiyín padà sí Standard. Fáìlì yín, àwòrán yín, áàpù yín, gbogbo rẹ̀ á wà níbi tí wọ́n wà. Bó bá sì jẹ́ àkáǹtì ádímìnì kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀rọ, Windows kì í gbà kí ẹ yí i padà sí Standard. Ààbò nìyẹn náà.

Páásíwọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹ ń kó ìwé pàtàkì yín sí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní èèwọ̀ ni. Lẹ́nu iṣẹ́, lóòótọ́, kò dáa kó wà lára tábìlì. Nílé yín, olè tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣí dúrọ́ọ̀ yàrá yín. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù ìgbàgbé ló ń mú kí àwọn ènìyàn fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ ṣe páásíwọ́ọ̀dù.

* * *

Ẹ ò bèèrè nípa ìyàwó yín àtàwọn ọmọ, àmọ́ èmi ò lè fò ó. Bí gbogbo yín bá ń lo àkáǹtì kan náà, gbogbo ohun tí mo sọ lókè ti di asán. Ẹ dá ti kálukú sílẹ̀, Standard ni kí wọ́n jẹ́. Báyìí, ẹni tó bá ṣí browser á bá tirẹ̀, ímeèlì ìyá ò ní ṣí sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ ò sì ní ṣèèṣì pa ìwé bàbá rẹ́. Bí ẹ bá fi ìdíwọ́ sórí àkáǹtì ọmọ, bóyá wákàtí tó lè lò tàbí ojú òpó tó lè ṣí, kò ní láárí bí ọmọ náà bá jẹ́ ádímìnì, torí ádímìnì lè tú u.

Ẹ má rò pé Standard á dí ọmọ lọ́wọ́ gbogbo áàpù o. Àwọn áàpù kan wà tó ń gbé ara wọn sínú fódà ẹni tó pè wọ́n láì bèèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ohun tí Standard ń ṣe ni pé kò jẹ́ kó kọjá ọ̀dọ̀ ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹnì kan bèèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan bóyá ádímìnì lè rí fáìlì àwọn yòókù. Ó lè rí i. Bí ẹ bá wọ C:\Users tí ẹ tẹ fódà ẹlòmíì, Windows á ní ẹ ò ní àṣẹ láti wọ ibẹ̀, á sì fún yín ní bọ́tìnì kan tó ń jẹ́ Continue. Ẹ ka ohun tó kọ síbẹ̀: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ti gba àṣẹ wíwọ fódà náà títí lọ ni. Kò ní tún bi yín mọ́. Nítorí náà, àárín tọkọtaya, ẹ jọ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó mọ páásíwọ́ọ̀dù ádímìnì, kó má di pé ẹnì kan ń rò pé àṣírí òun wà ní ìpamọ́ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ọ́n. Bí ara ẹnì kan ò bá yá, tàbí tí kò sí nílé, iṣẹ́ ẹnì kejì ò gbọdọ̀ dúró.

Páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì nìkan ò sì dí ẹni tó jí ẹ̀rọ lọ lọ́wọ́. Ó lè yọ dísíìkì jáde, kó ki í bọ inú ẹ̀rọ mìíràn, kó sì ka gbogbo rẹ̀, àfi bí dísíìkì náà bá wà ní títì pẹ̀lú BitLocker tàbí Device encryption, àwọn ohun inú Windows tó ń ti dísíìkì pa. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

* * *

Àwọn tó ń lo Mac àti Linux dípò Windows ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan àwọn. Ó kàn yín. Lórí Linux, root ni àkáǹtì alágbára pátápátá, kò sì sí ohun tí kò lè bà jẹ́. Láti nǹkan bí 1980 ni sudo ti wà, tí ènìyàn fi ń yá agbára root lò fún àṣẹ kan péré. Ubuntu ti ti àkáǹtì root pa láti ìgbà tó kọ́kọ́ jáde ní 2004, sudo lẹ ó máa lò. (Bí ẹ bá ń kọ páásíwọ́ọ̀dù sí sudo tí ohunkóhun ò hàn lójú ẹ̀rọ, kíbọ́ọ̀dù yín ò bàjẹ́. Bó ṣe ń ṣe lórí ọ̀pọ̀ Linux nìyẹn, ẹ kọ ọ́ tán kí ẹ tẹ Enter.) Lórí Mac, ádímìnì ni àkáǹtì àkọ́kọ́, àmọ́ páásíwọ́ọ̀dù tàbí ìka ló ń bèèrè dípò Yes lásán. Láti 2015, Mac náà ti ní ohun tó jọ TrustedInstaller yín: àwọn fódà kan wà tí root pàápàá ò lè fọwọ́ kàn.

* * *

Àtakò kan wà tí mo gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n ní, "Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa, tó ń ní kí a san owó kó tó ṣí i, kò nílò ádímìnì. Fáìlì mi ni, mo lè kọ nǹkan sí i, òun náà lè kọ nǹkan sí i."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìwé yín, àwòrán ìgbéyàwó yín, ohun tí ẹ ò lè rí rà padà, ọwọ́ àkáǹtì yín ni gbogbo wọn wà. Standard ò dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ áàpù tí ẹ̀yin fúnra yín ṣí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ń dáàbò bò wọ́n ti tàn yín.

Àmọ́ nǹkan méjì ṣì wà tó ń ṣe níbẹ̀. Àkọ́kọ́, fáìlì ìyàwó yín àti tàwọn ọmọ wà lẹ́yìn ògiri mìíràn. Èkejì, bí System Protection, ohun inú Windows tó ń tọ́jú ẹ̀dà, bá wà ní títàn, Windows máa ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Irú fáírọ́ọ̀sì yìí sì sábà máa ń gbìyànjú láti kọ́kọ́ pa ẹ̀dà náà rẹ́. Agbára ádímìnì ni pípa á rẹ́ ń gbà.

Èyí tó dájú jù ni ẹ̀dà tí ẹ kó sórí dísíìkì mìíràn, tí ẹ sì yọ wáyà rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ kó o tán. Dísíìkì tó ń gbé ara kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru á bá àwọn yòókù lọ. Ẹ sì jẹ́ kí Windows máa gba àtúnṣe. WannaCry, irú fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa yìí, tó jà ní oṣù karùn-ún 2017 kò dúró de ẹni tó máa tẹ Yes, ihò inú Windows fúnra rẹ̀ ló ń gbà wọlé láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Àtúnṣe tó dí ihò náà sì ti jáde láti oṣù kẹta ọdún kan náà.

* * *

Ìmọ̀ràn kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún. Wọ́n á ní kí ẹ kọ àṣẹ kan sínú Command Prompt, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, láti jí àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Administrator gan-an dìde, pé ìgbà yẹn ni ẹ máa di ọ̀gá pátápátá. Àkáǹtì yẹn wà lórí gbogbo Windows, wọ́n sì ti pa á láti ìgbà Vista, torí kò ní ìwé àṣẹ kékeré. Ńlá ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan, UAC kì í sì bi í ní ohunkóhun. Ẹ ò nílò rẹ̀. TrustedInstaller ò ní tìtorí rẹ̀ yàgò fún yín.

* * *

Ìbéèrè

Mo ti ṣe é o, bí ẹ ṣe tò ó náà ni mo ṣe tẹ̀ lé e. Fódà yẹn, WinSxS ni lóòótọ́, mo ti fi sílẹ̀, Temporary files ló fún mi ní àyè. Àmọ́ láti àárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti bèèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ṣé bí á ṣe máa ṣe títí lọ nìyí?

* * *

Rárá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ wà, ẹ ṣì ń to ilé. Nígbà tí àwọn áàpù tí ẹ nílò bá ti wà níbẹ̀ tán, ẹ lè lo ọ̀sẹ̀ kan láì rí fèrèsé náà.

Ẹ kàn ya irú ìbéèrè méjì sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń gbé áàpù wọlé tàbí tí ẹ ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ ló bèèrè, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pè é. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí áàpù kan ló ń bèèrè, ẹ̀bi wà lọ́wọ́ áàpù náà. Ó lè jẹ́ áàpù àtijọ́ láti ìgbà XP, tó ṣì fẹ́ máa kọ nǹkan sínú Program Files. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀dà tuntun ti jáde. Ẹ tún fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ àmì rẹ̀, ẹ wọ Properties, ẹ ṣí Compatibility, kí ẹ wò bóyá ẹnì kan ti máàkì Run this program as an administrator síbẹ̀ nígbà kan rí. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ ṣí áàpù náà wò.

Ẹ kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bèèrè lónìí ránṣẹ́ sí mi, ká wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.